Rọ́bà Tó Ń Tu Omi àti Rọ́bà Tó Ń Fà Á

Ọkùnrin kan wà tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń wakọ̀ fún kógbá sílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní sin ẹnikẹ́ni mọ́, iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fífọ̀ lòun máa ṣe. Ó ti ṣàkíyèsí pé ilé tó ní kápẹ́ẹ̀tì pọ̀ nílùú, pé ìgbálẹ̀ lásán làwọn tó ni wọ́n fi ń gbá a lórí, tí eruku àtọdúnmọ́dún sì ń sùn nísàlẹ̀. Èrò náà dára. N kò ní bá a wí níbẹ̀.

Ó lọ bá obìnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ. Obìnrin náà mọ ọjà rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ní rọ́bà gígùn méjì. Ọ̀kan ń tu omi gbígbóná tòun tọṣẹ sínú kápẹ́ẹ̀tì kí ìdọ̀tí lè tú. Èkejì ń fa omi náà padà sínú táǹkì, pẹ̀lú ìdọ̀tí tó tú. Ó ní èyí tó ń fà ni kí ó náwó lé lórí jù. Ó tún fi àwọn fáànù kan hàn án, irú èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín.

"Ìyáàfin, ẹ gbójú sókè ẹ wò ó. Ṣé oòrùn tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ yìí ni mo fẹ́ fi fáànù rọ́pò? Ìyá mi fọ aṣọ títí tó fi dàgbà, mi ò rí i kó ra atẹ́gùn lọ́jà."

"Ọ̀gá mi, aṣọ ṣeé sá. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa gbé yàrá lọ sá sóòrùn?"

Ọkùnrin náà ti yíjú sí àwọn pọ́ńpù. Ó ti mọ ohun tó fẹ́. Ó ra pọ́ńpù kan tó ń tu omi bí ẹni tínú ń bí, ó ra táǹkì tó ń sè é gbóná, ó ra búrọ́ọ̀ṣì oríṣìíríṣìí, ó ra ọṣẹ tó ń hó kùṣù. Ó sì mọ àwọn èèyàn wa. Lójú tiwa, ohun tí a bá fọ̀ tí kò hó, tí omi kò ṣàn, a kì í gbà pé ó mọ́. Nígbà tó kan rọ́bà tó ń fa omi, èyí tó kéré jù lórí àtẹ ló mú. Fáànù ńkọ́? Kò tilẹ̀ bojú wò ó mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ náà sì dùn. Rọ́ọ̀gì kéékèèké ni wọ́n ń gbé wá fún un. Á fọ̀ ọ́, á fi kọ́ ògiri ọgbà, oòrùn á gbẹ ẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Síbẹ̀ ìwọ̀nba ni oorun tó ń sùn, nítorí ẹni tó ti pàdánù iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan a máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ wá gba èkejì.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni Lẹ́mọ́mù mọ́sáláṣí àdúgbò. Bí ààwẹ̀ ṣe ń sún mọ́lé, àwọn àgbà mọ́sáláṣí ní ó yẹ kí wọ́n fọ kápẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ilé ìjọsìn náà. Kápẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gba ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, fóòmù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ pe àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ìlú ńlá. Lẹ́mọ́mù ní rárá, ọkọ ọmọ òun wà nílé.

Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Alfa, bí ó bá wá bà á jẹ́ ńkọ́?"

Lẹ́mọ́mù ní, "Bí ó bá bà á jẹ́, ẹ sọ pé èmi ni mo bà á jẹ́."

Nígbà tí wọ́n sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ ohun tí bàbá náà sọ, inú rẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ iyì ni, àmọ́ ẹrù ni. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá dára, gbogbo ilé tó ní kápẹ́ẹ̀tì ni yóò pe òun. Bí kò bá dára, orúkọ bàbá ìyàwó òun ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, tòun á tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ tó fọ̀ ọ́, ó kù díẹ̀ kí àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Ọṣẹ hó, ó funfun bí òwú. Omi tó ń jáde dúdú bí aró. Wọ́n ní, "Háà! Orí èyí la ti ń forí kanlẹ̀ látọjọ́ yìí?" Wọ́n súre fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní rọ. Ó fọ gbogbo rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n iwájú, níbi tí Lẹ́mọ́mù ti ń dúró kírun, ó fọ ibẹ̀ ju ibi gbogbo lọ. Ó fẹ́ kí ibẹ̀ mọ́ fún bàbá náà. Ó da omi sí i, ó tún dà á. Rọ́bà kékeré rẹ̀ ń fà níwọ̀n tó lè fà, ó ń dún bí ẹni tó ní ikọ́ fée.

Kó tó palẹ̀ mọ́, òjò ṣú.

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà, omi sì sun jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn á yọ lọ́la. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn kò yọ. Ó ṣí gbogbo fèrèsé, atẹ́gùn òjò ló ń wọlé. Ó sáré lọ gbé fáànù yàrá ìyàwó rẹ̀ wá, ó gbé e sáàárín mọ́sáláṣí. Bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ odò ni. Òórùn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn aṣọ tí wọ́n rẹ sínú báàfù tí wọ́n gbàgbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun títí kápẹ́ẹ̀tì yóò fi gbẹ. Òun náà wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ń bẹ nínú ilé, kò mọ iye òpó ìrun tó ti kí.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Kúdírátù, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ni ì bá wà?"

"Ẹ ò jẹun."

"Ebi ò pa mí."

Nígbà tí ojú kápẹ́ẹ̀tì wá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, àbàwọ́n yọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tíì, ó ń yọ káàkiri, kò sì sí níbẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́. Ojú ọkùnrin náà ṣókùnkùn. Kí ni ẹni tí ìbẹ̀rù mú máa ń ṣe? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni yóò tún ṣe. Ó ní ìfọ̀ tòun kò tó ni, pé ìdọ̀tí yìí olórí kunkun ni. Ó tún gbé omi kaná, ó gbóná ju ti àkọ́kọ́. Ó tún da ọṣẹ sí i. Àbàwọ́n náà pòórá, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà tó máa padà dé, àbàwọ́n ti yọ, ó ti gbòòrò sí i. Ó tún fọ̀ ọ́. Bó ṣe ń bá a jà nìyẹn títí ọjọ́ Jímọ̀ fi pé, tí àwọn èèyàn kò sì lè dúró síta mọ́ nítorí òjò.

Ẹ̀yìn ló dúró sí. Kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kírun dé ibi tí wọ́n ti ń forí kanlẹ̀, gbogbo mọ́sáláṣí sì gbé iwájú orí lé kápẹ́ẹ̀tì náà. Ẹnì kan sín. Ẹnì kan wúkọ́. Ìrun ni, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, ó sì dà bíi pé wọn kò ní dìde mọ́ láé. Nígbà tí wọ́n sálámà, tí ìrun parí, Lẹ́mọ́mù kọjú sí ìjọ. Omi tó dà bí omi tíì wà níwájú orí rẹ̀, ó ń ṣàn bọ̀ ní imú. Ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nù ún.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹjọ́ mi ni."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ì bá yọ̀ bí ó bá bú òun. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán ló fi lọ bá obìnrin tó ń ta ẹ̀rọ.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó bi í pé, "Nígbà tí àbàwọ́n yọ, kí lẹ ṣe?"

"Mo da omi gbígbóná sí i."

"Nígbà tó tún yọ ńkọ́?"

"Mo tún dà á sí i."

"Ọ̀gá mi, ìdọ̀tí tí ẹ ń rí yẹn, ẹ̀yin lẹ tú u. Ẹ tú u, ẹ ò kó o. Kò ríbi lọ nísàlẹ̀, òkè ló ń gùn bọ̀. Ẹ má da ẹ̀kán omi kan sí i mọ́. Ẹ máa fà á ni."

Ó yá a ní ẹ̀rọ tó ń fa omi dáadáa, àti fáànù àgbékalẹ̀. Ọkùnrin náà padà sí mọ́sáláṣí, ó kúnlẹ̀, ó ń fà. Ọṣẹ kankan kò hó. Kò sẹ́ni tó wá wò ó, nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ìran. Ibi tó ti fà, ó tún ń padà síbẹ̀ fà á, omi dúdú sì ń wọ táǹkì lọ. Ibi tó pọ̀ jù nínú kápẹ́ẹ̀tì náà yè. Ṣùgbọ́n iwájú, níbi tí Lẹ́mọ́mù ti ń dúró, fóòmù ibẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n ní láti fi ọ̀bẹ gé e dànù. Ibi tó fẹ́ràn jù ló da omi sí jù, òun náà sì ni kò rí gbà padà.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ìwọ ni mo ń bá wí.

Ọmọbìnrin rẹ ṣe àṣìṣe, o sì bá a wí. N kò sọ pé o kò gbọ́dọ̀ bá a wí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ, ó sì gbóná. Ṣùgbọ́n bí o ti sọ ọ́ tán, o gbé fìlà, o jáde. Nígbà tó di pé kò bá ẹ jẹun mọ́, tó ń purọ́ ibi tó ń lọ, o ní ìbáwí ọjọ́ yẹn kò tó. O tún gbé omi kaná. Ìgbà tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé àbúrò ìyá rẹ̀, o ránṣẹ́ èébú tẹ̀ lé e. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ kò kẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ìgbà wo lo lo tòsì gbẹ̀yìn?

Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀la lo fẹ́ lọ bá a níbẹ̀, pé o ti ń to ọ̀rọ̀ tí o máa sọ. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní fi pa mọ́ fún ẹ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí gan-an nìyẹn.

Lọ o. Bí o bá débẹ̀, bi í bóyá ó ti jẹun, kí o sì jókòó tì í. Yóò pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó máa sọ lè dúdú, ó sì lè jẹ́ pé ìwọ gan-an ló máa ta bá. Má ṣe dá a lóhùn. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán.