Ọjọ́ tí Ìmàdò Pa Ẹ̀rọ

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ìyá Òkété, tí ihò rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ amúnáwá ìlú ẹranko. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin adùn ayé mi!

Bàbá Ìmàdò ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ìlú tún ní abẹ̀bẹ̀ ńlá kan tí atẹ́gùn ń yí, tó ń fún wọn níná láìrú èéfín. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ó yẹ kí ẹ̀rọ sinmi. Ìmàdò kọ̀. Ó ń jó epo tí gbogbo ìlú dá jọ dànù, èéfín sì ń wọ ihò Òkété.

Atẹ́gùn fẹ́. Òkété kọrin, ẹ gbè é:

Ìmàdò, pa ẹ̀rọ, ọmọ mi ń wúkọ́,
*Atẹ́gùn ti dé!*

“Ìyá Òkété, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé mo wà níbí?”

Atẹ́gùn fẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Òkété tún kọrin.

Ìmàdò ní, “Ẹ fún ọmọ yín ní oyin lá!”

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ojú ti Ìmàdò, ó pa ẹ̀rọ.

“Ó ti dákẹ́ o. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

Iná ṣì ń tàn yòò. Òkété sáré wọlé láti sọ fún ọmọ rẹ̀. Kò sí ariwo tó bo ilé mọ́lẹ̀ mọ́, ó wá gbọ́ pé kò sí ẹni tó ń wúkọ́: èéfín ti pa ọmọ náà.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá bẹ̀ yín, ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta.