Bí Pẹ́pẹ́yẹ Ṣe Pàdánù Ohùn Rẹ̀

Nígbà láéláé, kí adìyẹ tó mọ ojúlé ènìyàn, kò sí ẹyẹ tí ohùn rẹ̀ dùn tó ti Pẹ́pẹ́yẹ. Bí ó bá ké lórí òkè, wọn a gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ odò. Ìdí nìyí tí Ẹfọ̀n, ọba àwọn ẹranko, fi sọ ọ́ di akéde ìlú.

Ní ọdún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò kan ṣoṣo tí gbogbo ẹranko ń mu gbẹ, ó ku ẹrẹ̀ lásán. Àwọn ọmọ Ehoro kò lè dìde nílẹ̀ mọ́ nítorí òùngbẹ.

Ẹfọ̀n ránṣẹ́ pe Pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, "Lọ ké e fún wọn pé àwọn iwin ló bínú gbé odò lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun òkè lọ wò ó o! Ikú ni yóò pàdé."

"Kábíyèsí," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. Ó jáde, ó sì ké e láti ojúlé dé ojúlé.

Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà Ehoro, Ehoro gbójú sókè láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

"Akéde, ìwọ tí ò ń ké e yìí, ṣé o fi ojú ara rẹ rí àwọn iwin náà?"

Pẹ́pẹ́yẹ mọ̀ pé òun kò rí wọn. Ojú tì í. Ló bá na ìyẹ́, ó di orí òkè!

Háà! Kí ló rí? Omi ni! Omi tó kún dẹ́nu! Ẹfọ̀n ti fi ìtì igi àti amọ̀ dí odò pa, ó ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Ọ̀nì, olórí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, nà gbalaja sórí ìdènà náà.

Ẹfọ̀n rí i. Ó rẹ́rìn-ín. "O ti dé? Wá mu tìrẹ, kí o yó. Ṣùgbọ́n o mọ òfin wa: ẹni tó bá tú àṣírí ọba yóò mu oje igi orò."

Pẹ́pẹ́yẹ mọ oje náà dáadáa. Ó ń jó ọ̀fun bí iná. Òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó wo omi náà títí, kò fi ẹnu kàn án. Ó yí padà, ó fò wálẹ̀ sí ojúde ìlú, ó sì pariwo tí ewé igi fi ń gbọ̀n:

"Ẹ gbọ́ o! Irọ́ ni mo ké fún yín láàárọ̀! Kò sí iwin kankan! Ọba ló dí odò! Omi wà lórí òkè!"

Ẹranko tú jáde wìtìwìtì. Àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Awó, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sáré wá. "Ọ̀rẹ́ mi, fò lọ! Ọ̀nì ń bọ̀!"

"N kò lọ," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Bí mo bá sá, wọn á ní irọ́ ni mo pa. Gbangba ni mo ti sọ ọ́, gbangba náà ni wọn yóò bá mi."

Ọ̀nì dé pẹ̀lú igbá oje orò. Ó jágbe, "Ta ló tú àṣírí ọba?"

"Èmi ni."

"Sọ pé irọ́ ni, n ó da oje yìí nù."

"Òótọ́ ni."

Pẹ́pẹ́yẹ gba igbá náà fúnra rẹ̀. Ó gbé e mu, ó mu ún tán. Ó gbọ̀n, ó ta gìẹ̀gìẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣubú.

Láàárín èrò náà, Ehoro fò dìde. "Ta ni í mu oje orò nítorí irọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Wọ́n ya lọ sórí òkè bí eéṣú! Ọ̀nì kò rí ẹni dá dúró. Ọ̀bọ ń fa ìtì igi, Ìmàdò ń fi eyín tú amọ̀. Gbìì! Ìdènà já! Omi hó wálẹ̀ yàà! Ẹfọ̀n sá wọ inú ọ̀dàn, kò padà sí orí oyè mọ́. Àwọn ọmọ Ehoro ki ẹnu bọ omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Pẹ́pẹ́yẹ la ẹnu láti hó ìhó ayọ̀. "Hàà... hàà..." Kò sí ohun mìíràn tó jáde.

Ehoro sún mọ́ ọn. Ó ní, "Má dààmú, akéde. A ti gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà ni ohùn pẹ́pẹ́yẹ ti há, tí kò lè ké bí àwọn ẹyẹ yòókù. Nítorí oore rẹ̀, láti ọjọ́ náà náà ni kò sí odò, kò sí adágún, kò sí kòtò omi kan láyé tí pẹ́pẹ́yẹ ń tọrọ ààyè kí ó tó wọ̀ ọ́.