Asùnwọ̀n Ẹfúnyẹlá àti Ewé Òkè Ọya

Ọ̀jẹ́wálé hú asùnwọ̀n Ẹfúnyẹlá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì dáná sun ún. Kò bi í léèrè.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni Ẹfúnyẹlá. Kò bímọ. Inú igbó ló ti hú igi kékeré náà wá sẹ́yìnkùlé, òdòdó rẹ̀ a máa dúró ṣánṣán, a pọ́n bí àgbàdo tó gbó. Ewé rẹ̀ ló fi ń wo làpálàpá ara ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ náà ló sọ ọ́ ní Ìyá Asùnwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí kò bí ṣe dẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá.

Ewé kan tí Ọ̀jẹ́wálé rà bọ̀ láti Òkè Ọya ló gbapò igi náà. Tínńtín ni, ara òkúta ló ń hù sí bí irun orí ọmọ tuntun, ó sì ṣọ̀wọ́n. Bó bá gbẹ bí ìdọ̀tí, tí wọ́n wọ́n omi sí i, á tún tutù yọ̀yọ̀ lójú gbogbo ilé.

“Ìyàwó, wo ewé tí kì í kú! Tìrẹ tí mo sun ńkọ́? Ewúrẹ́ pàápàá kì í yà á wò nígbà tó wà.”

“Ọkọ mi, iṣẹ́ wo ni tiyín ń ṣe?”

“Ṣé arẹwà ń roko ni?” Ilé bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, wọ́n fi oyè baálẹ̀ lọ Ọ̀jẹ́wálé. Àṣà wọn ni pé ẹni tí yóò joyè á fárí ní gbangba, kí ìlú rí i pé orí rẹ̀ mọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, làpálàpá yọ sórí rẹ̀, róbótó-róbótó. Ó fi ewé Òkè Ọya ra á títí. Ewé ń tutù, làpálàpá ń gbilẹ̀.

Ó bo orí, ó tọ Ẹfúnyẹlá wá. “Ìyá Asùnwọ̀n, ẹ gbà mí.” Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹfúnyẹlá mú un lọ síbi eérú. “Igbó tí mo ti hú u, wọ́n ti fi dáko. Èyí tí ẹ sun yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ bi eérú yìí.”

Lọ́jọ́ ìfárí, abẹ kò tíì dé àárín orí tí ìlú fi figbe ta. Ọ̀jẹ́wálé nàka: “Obìnrin yìí ló fi oògùn dù mí!”

Gbogbo ojú yí sí Ẹfúnyẹlá. Kò kúnlẹ̀. Ìbéèrè kan ló bi wọ́n, òun làwọn àgbà sọ di òwe títí dòní pé: “Ẹni tó sun asùnwọ̀n ẹ̀yìnkùlé, kí ni yóò fi pa làpálàpá? Ẹ dá mi lóhùn.”