Ehoro àti Kọ̀ǹpútà Olójú Méjì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dún dáadáa, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin àgbà. Ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ dá a sọ.

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ní ìgbà kan rí, ehoro kan wà ní ìlú ẹranko. Etí rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kì í wọ̀ ọ́. Ọlọ́gbọ́n ló máa ń pe ara rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá a kiri: èmi nìyí.

Èmi nìkan ni mo ní kọ̀ǹpútà nígbà náà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ojú rẹ̀ kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mo wá ń wú bí ọ̀pọ̀lọ́.

Lọ́dún yẹn, ọ̀dá dá. Iṣu kò ta. Erin, ọba wa, ránṣẹ́ pé òun yóò fi ilẹ̀ etídò òun ta wá lọ́rẹ. Ó ní, "Ẹ jùmọ̀ kọ lẹ́tà kan. Bí lẹ́tà bá ṣe ní kí n pín in ni n ó ṣe pín in. Àwòdì yóò wá gbà á lọ́la, kí oòrùn tó wọ̀."

Mo rò ó nínú ara mi: "Ehoro, ṣebí ìwọ lo máa tẹ lẹ́tà náà? Kí ni wọ́n tún ń pín sí?"

Mo sáré tọ Ẹfọ̀n lọ, àgbà ìlú wa, tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní tẹlifíṣọ̀n yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"N ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, yóò sì di ojú kejì fún un. Gbogbo ìlú á máa rí ohun tí mo ń kọ. Kò ní sí àbòsí."

"O káre, ọmọ mi." Ẹfọ̀n fi ìwo ara rẹ̀ gbé e wá sílé mi.

Àbòsí gan-an sì ni! Kọ̀ǹpútà lè fi nǹkan kan hàn lójú tirẹ̀, kó fi òmíràn hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́tà ìlú yóò wà lójú ńlá. Lẹ́tà tèmi, èyí tí Àwòdì yóò gbé lọ, yóò wà lójú kékeré tó kọjú sí èmi nìkan.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, ìlú pé sójúde mi. Mo kọjú sí wọn, mo kẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé, "Kábíyèsí, ẹ pín in fún gbogbo wa dọ́gba-dọ́gba." Mo kọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Ewúrẹ́ ti fẹsẹ̀ kọ wáyà. Tẹlifíṣọ̀n kú. Mo ti wáyà bọ̀ ọ́ padà, mo yára tẹ bọ́tìnnì kan, ó tàn.

Àyọ̀ká, ìyàwó mi, ní, "Baba Mofẹ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó bọ̀ sípò."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà?"

Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ ni èyí tó ń mú kí ojú méjèèjì fi ohun kan náà hàn. Ọlọ́gbọ́n kò mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tèmi: "Kábíyèsí, ẹ fún Ehoro nìkan ní gbogbo ilẹ̀ náà. Orí Ẹfọ̀n tóbi, òfìfo ni. Kí Ìgbín tó dé etídò, odò á ti gbẹ."

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé bí mo ṣe ń yára tẹ̀ ẹ́ ló ń yà wọ́n lẹ́nu.

Àfi bí Ìgbín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé sókè, ọ̀rọ̀ kan, ìsinmi kan: "Ẹ... fún... Ehoro... nìkan..."

Mo wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ mi ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí ìbẹ́pẹ.

"Kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́!" mo ké.

Ẹfọ̀n ní, "Kọ̀ǹpútà ló rí bí orí mi ṣe tóbi?"

Wọn ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́, kí Ìgbín máa sọ lẹ́tà tuntun, pẹ̀lú orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Ìgbín! Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, á tún mí kanlẹ̀. Àwòdì ti bà lórí òrùlé kí á tó dórí orúkọ àwọn tí yóò gba ilẹ̀.

"Ehoro kò ní ìpín," ni Ẹfọ̀n wí.

Àyọ̀ká kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣàánú. Àwọn ọmọ mi ò sí níbi tí baba wọn ti gbèrò yìí. Kí ni wọn ó jẹ?"

Ẹfọ̀n ronú. Ó yíjú sí mi. "Kọ orúkọ ìyàwó rẹ."

Mo tẹ "Àyọ̀ká."

"Fi kún un pé, kì í ṣe ọkọ rẹ̀."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo ìlú.

Erin pín ilẹ̀ náà bí lẹ́tà ṣe wí. Bí ẹ bá rí mi láàárọ̀ tí mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, oko ìyàwó mi ni mò ń lọ ro. Bí ebè kò bá tọ́, Àyọ̀ká a máa ní kí n tún un kọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin èèyàn mi: ohun tí ẹnu wa kò lè sọ síwájú ìlú, kí ọwọ́ wa má kọ ọ́ níkọ̀kọ̀.