Bí Ọ Ṣe Gba Ilẹ̀ Rẹ̀ Lójú Ìwé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé Ìjàpá lónìí. Ó bà lé Ọ, ó bà lé O ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bà lé Ìwé tí kò létí.

Ohùn bí ọmọ méje: A, E, Ẹ, I, O, Ọ, U. Nígbà tí Ohùn kú, àwọn àgbà ní kí Ìwé wá pín ogún, nítorí Ìwé kì í gbàgbé.

Ìwé dé láti òkè òkun. Ó lójú, kò létí. Oríṣi ẹ̀wù márùn-ún péré ló mọ̀ ọ́n rán. Ó rán irú kan náà fún Ọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rán irú kan náà fún E àti Ẹ. Ọmọ méje, oríṣi ẹ̀wù márùn-ún! Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí!

Wọ́n pín iṣu. Ẹ̀gbọ́n gba tirẹ̀, ó yí ẹ̀yìn ilé po, ó padà wá gba ti Ọ. Ọ dé, ó nawọ́.

"Iṣu mi dà?"

Ìwé wo ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọ tán."

Ọ pariwo títí. Ta ni yóò gbọ́?

Wọ́n pín ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n tún yí po, ó tún gbà á.

"Ewúrẹ́ mi dà?"

"Ọ̀kánjúà! O ti gbà á."

Ọ kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run?"

"Kí ló kàn mí? Ìwé ló fún mi."

Inú bí Ọ. Inú bí èmi tí mò ń pàlọ́ náà! Kí àgbà máa jẹ ti àbúrò, kí ó sì máa nu ẹnu!

Ó wá ku ilẹ̀. Ẹni tí kò nílẹ̀ nílé baba rẹ̀, àlejò ni. Ìwé ń kán yíǹkì sórí ilẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ìpín má baà dàrú. Bí ó ti kán an sórí ilẹ̀ Ọ, ẹ̀gbọ́n ti ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ sáré, ó fìdí balẹ̀ gbì lórí yíǹkì náà.

"N ò dìde! Ilẹ̀ baba mi nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó sin mí síbẹ̀!"

Nílé wọn, a kì í fipá gbé ọmọ olóògbé kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Yíǹkì rin ẹ̀wù rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìwé wò ó, ó tún wo ẹ̀gbọ́n.

"Háà! Ṣé ẹ̀yin méjì ni?"

Ilẹ̀ di ti Ọ. Ẹ náà, tí E ti ń gba ìpín rẹ̀ jẹ, rí ohun tí Ọ ṣe. Ó sáré jókòó sórí yíǹkì tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí àmì kékeré lábẹ́ Ọ àti lábẹ́ Ẹ títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé lórí fóònù, ẹ̀yin tí ẹ ń kun pátákó ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń yọ àmì yẹn dànù, ẹ má pè é ní ìkánjú. Ilẹ̀ ọmọ olóògbé lẹ ń gbà.

Bí mo bá purọ́, kí Ọ dìde ká rí i.