Ẹ̀kùrọ́ Ìsàlẹ̀ Ìkòkò

Ta ni kò mọ̀ pé epo Igbó-Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè ní epo? Ó pọ́n, ó dùn, òórùn rẹ̀ nìkan tó èèyàn jẹ iṣu. Ṣùgbọ́n ohun tó bá pọ̀ jù níbì kan, wọn kì í kà á sí níbẹ̀. Gbogbo ilé ló ní epo, ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ ta ni? Àwọn alágbàtà tó ń wá láti òkèèrè nìkan ló ń rà á, ohun tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń san. Bí obìnrin kan bá ráhùn, wọn a ní kó gbé epo rẹ̀ padà sílé kó lọ máa fi í wẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí yìí ló ń ká obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹfúndélé lára jù.

Ẹfúndélé kì í ṣe àgbà, kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ẹnu ló ní. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn wà ní ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ó dìde, ó ní Èbúté-Yanrìn ni àwọn alágbàtà ń gbé epo àwọn lọ, létí omi, níbi tí ọ̀pẹ kì í hù, tí iyọ̀ àti ẹja sì pọ̀ bí ilẹ̀. Ó ní kí ló dé tí àwọn kò lè gbé e lọ fúnra àwọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹkù, arúgbó tó jẹ́ olórí gbogbo elépo, béèrè bóyá ó mọ ọ̀nà. Ó fèsì pé ẹni tó lẹ́nu kì í ṣìnà. Bí wọ́n ṣe kó epo wọn lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí àwọn alágbàtà tún dé, àwọn obìnrin bú wọn dáadáa, wọ́n sì lé wọn jáde. Nítorí náà, bí Èbúté-Yanrìn kò bá ra epo yìí, gbogbo elépo ni yóò padà lọ kúnlẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bú, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ẹfúndélé mọ́ láéláé. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣà kan wà ní Igbó-Ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣeré. Bí wọ́n bá ti rọ epo sínú ìkòkò tán, ẹni tó fún un yóò mú ẹ̀kùrọ́ kan tó ti fọ̀ mọ́ fínnífínní, yóò sì jù ú sísàlẹ̀ ìkòkò náà. Ẹ̀rí ni. Ó ń sọ fún ẹni tó bá rà á pé ara ẹyìn gan-an ni epo ti wá, kò sí àbùlà, kò sí ẹ̀tàn. Bí ìyàwó bá gbé epo lọ sílé ọkọ tí kò sí ẹ̀kùrọ́ níbẹ̀, ìyá ọkọ á dà á nù ni, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Epo tí kò ní ẹ̀kùrọ́, epo olè ni.

Nígbà tí Ẹfúndélé àti àwọn aláàárù rẹ̀ dé Èbúté-Yanrìn, wọ́n bá bàbá arúgbó kan lẹ́nu ibodè lórí àpótí, ọ̀pá funfun tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Oníbodè ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ọjà tó ń wọ ìlú tí kì í kọjá lábẹ́ ojú rẹ̀. Ó ṣí ìkòkò àkọ́kọ́, ó gbọ́ òórùn epo, ó mi orí tìtẹ́lọ́rùntìtẹ́lọ́rùn. Ó wá ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó rò ó yíká nísàlẹ̀. Ló bá dúró. Ó yọ ọ̀pá náà, ó nù ún, ó sì ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bó ṣe ṣe gbogbo wọn nìyẹn, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún àlejò, ó sì béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé.

Inú Ẹfúndélé dùn dé ìdí. Nílé wọn, ẹni tí wọ́n bá fún lómi, wọ́n ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ nìyẹn. Ó mu omi, ó dúpẹ́, ó jókòó, ó ń retí kí wọ́n wá gbé epo wọlé. Ó jókòó títí oòrùn fi yí. Àwọn ẹlẹ́ja ń wọlé, àwọn onígbá ń wọlé, kò sí ẹni tó wo apá ibi tó wà. Nígbà tó béèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n tún bu omi fún un. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ta ni yóò sọ fún un pé omi ó dàbọ̀ ni wọ́n ń bù fún un?

Ohun tó tún wá da orí rẹ̀ rú pátápátá ni pé ọ̀kan nínú àwọn alágbàtà tí wọ́n lé ní Igbó-Ọ̀pẹ dé sí ẹnu ibodè lójú rẹ̀. Epo ẹkù wọn ló gbé, èyí tó rà kí wọ́n tó lé e. Bàbá Oníbodè ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó rò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa wọlé. Epo kan náà, ẹkù kan náà, ọwọ́ kan náà ló fún un. Ẹfúndélé pa ojú dé, ó tún là á, nǹkan kò yí padà. Ó gbé epo rẹ̀ padà sílé.

Ní ẹkù, oníkálukú ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ẹnìkan ní epo kò jinná tó. Ẹlòmíràn ní ìkòkò wọn ló burẹ́wà. Ẹnìkan tilẹ̀ búra pé oògùn làwọn alágbàtà fi di ojú oníbodè. Wọ́n se epo pẹ́, wọ́n mọ ìkòkò tuntun, Ẹfúndélé tún kọrí sọ́nà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà àkọ́kọ́ náà ló tún rí, ọ̀pá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, omi tútù. Lọ́tẹ̀ yìí ó kúnlẹ̀, ó bẹ bàbá náà pé kó dákun, kó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Bàbá wò ó tàánútàánú.

“Epo yín dára, ọmọ mi,” ló wí. “Kí ilé o.”

Bí epo bá dára, kí ló tún kù? Ẹfúndélé gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní gbogbo ọ̀nà dé ilé, kò rí orí rẹ̀, kò rí ìdí rẹ̀. Ìgbà tó fi délé, òjò ti ń ṣú, ọ̀nà odò kò ní pẹ́ di àìṣeégbà. Àwọn kan ti ń ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí àwọn alágbàtà. Àwọn kan ní Ẹfúndélé mọ ohun tó ṣe lọ́hùn-ún tí kò fẹ́ sọ. Ìyá Ẹkù ní ó tó, òun fúnra òun yóò bá a lọ. Ó ronú sí i, ó wá ní ohun tó ṣẹlẹ̀ yé òun. Wọn kò mọ̀ wọ́n rí lọ́hùn-ún, ẹ̀rí kan ṣoṣo kò sì lè tó fún ẹni tí kò mọni rí. Kí wọ́n fi ẹ̀kùrọ́ mẹ́ta mẹ́ta sínú ìkòkò. Gbogbo ẹkù pátẹ́wọ́, wọ́n ní àgbà kò ní tán nílé.

Háà, ẹ ò rí nǹkan. Bí ọ̀pá Bàbá Oníbodè ṣe wọlé báyìí, ó ti kan nǹkan líle. Ó tún sún un, ó tún kan òmíràn. Ojú bàbá náà le. Lọ́jọ́ yìí kò bu omi fún ẹnikẹ́ni, kò béèrè ará ilé. Àwọn tó pàtẹ nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọjà wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Igbó-Ọ̀pẹ. Ìyá Ẹkù, tí wọn kì í kọjá lára rẹ̀ láìkúnlẹ̀, dúró sínú oòrùn, àwọn ọmọdé ń nàka sí i. Ìtìjú mú Ẹfúndélé débi pé kò lè wo ojú rẹ̀.

Opó kan wà nítòsí ibodè tó máa ń gba àlejò sílé. Ìyá Atukọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń tu ọkọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Àánú wọn ṣe é, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Ó fẹ́ fi epo se ẹja fún wọn, ló bá bu nínú ìkòkò wọn. Ó ki ìgbakọ sísàlẹ̀, ẹ̀kùrọ́ méjì yí jáde. Ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

“Ta ni ọ̀tá yín tó ju nǹkan sínú epo yín?”

“A ò lọ́tàá kankan, ìyá,” Ẹfúndélé dáhùn. “Àwa la fi í síbẹ̀.”

“Ẹ̀yin? Ẹ fi ọwọ́ ara yín fi í síbẹ̀?”

“Kí wọ́n lè mọ̀ pé a kì í ṣe olè ni.”

Ìyá Atukọ̀ wò wọ́n, àwọn náà wò ó. Ìgbà tó yá ni obìnrin náà jókòó, ó wá tú u palẹ̀ fún wọn. Ó ní láyé àwọn ìyá àwọn, àwọn àjèjì kan gbé epo wá, wọ́n kó òkúta sísàlẹ̀ ìkòkò kó lè tètè kún. Ẹja tútù ni àwọn ará Èbúté fi ra òkúta. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ọ̀pá bá kàn nísàlẹ̀ ìkòkò, olè ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n wọn kì í pe àlejò lólè lójú ara rẹ̀, ìwà àìmọ̀wàáhù ni, omi tútù ni wọ́n fi ń lé e tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní àwọn alágbàtà mọ̀, inú igbó ni wọ́n ti ń sẹ́ epo wọn kí wọ́n tó yọ sí ibodè, wọn kò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rín gbọ̀n Ẹfúndélé, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ó dìde pé òun yóò lọ yọ gbogbo ẹ̀kùrọ́ náà kíá. Ìyá Ẹkù di apá rẹ̀ mú. Ó ní epo tí kò ní ẹ̀kùrọ́, epo olè ni. Ó ní àwọn ìyá àwọn kò ta irú rẹ̀ rí, orúkọ ẹkù kò sì ní bàjẹ́ lójú òun. Bó bá yọ ọ́, kó má padà sílé mọ́.

Orí Ẹfúndélé tún dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ̀kùrọ́ bá wà níbẹ̀, olè ni wọ́n níhìn-ín. Bí kò bá sí níbẹ̀, olè ni wọ́n nílé. Èwo ni kí èèyàn ṣe tí yóò fi jẹ́ olóòótọ́? Ìyá Atukọ̀ gbà á nímọ̀ràn pé bó bá fẹ́ yọ ọ́, kó má yọ ọ́ níkọ̀kọ̀ bí àwọn alágbàtà, kó lọ yọ ọ́ lójú oníbodè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹfúndélé kúnlẹ̀ ti ìkòkò àkọ́kọ́ lẹ́nu ibodè. Ìyá Ẹkù dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó káwọ́ lẹ́yìn. Ẹfúndélé ki ọwọ́ bọ epo títí dé ìgúnpá, ó kó ẹ̀kùrọ́ jáde, ó tẹ́ wọn sórí ewé níwájú bàbá. Ó mọ̀ pé ilé òun lòun ń fi ṣeré.

Bàbá Oníbodè mú ọ̀kan, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. Kì í ṣe òkúta.

“Kí lẹ fi èyí síbẹ̀ ṣe, ọmọ mi?”

Àlàyé pọ̀ nínú Ẹfúndélé. Ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló sọ.

“Báyìí là ń ṣe nílé wa, bàbá.”

Bàbá náà wo Ẹfúndélé, ó gbójú sókè wo arúgbó tó káwọ́ lẹ́yìn lọ́ọ̀ọ́kán.

“Èèwọ̀ ni níbí,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Ìyá Ẹkù mọ ohun tó ń jẹ́ èèwọ̀, òun ló kọ́kọ́ rìn. Ó wá síwájú, ó di ìró rẹ̀ mọ́ra, ó fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ ti ìkòkò kejì, ó sì ki ọwọ́ bọ epo. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, nítorí epo wà lọ́wọ́. Bàbá Oníbodè fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bá a ṣí ìdérí ìkòkò kẹta. Kí oòrùn tó kan àtàrí, epo Igbó-Ọ̀pẹ ti wà láàárín ọjà.

Nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ elépo àti oníbodè bá ara wọn sọ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.