Orúkọ Méje ní Abà Olókùúta

Ẹ má tíì sọ pé ẹ ti rí ọlọ́gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ti opó kan fún yín. Ọ̀gá tó ń mú pápákọ̀ òfurufú gbòòrò wá sí Abà Olókùúta nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọlọ́pàá: kí gbogbo onílẹ̀ fọwọ́ síwèé pé kí bàlúù máa fò lóru, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ katakata á wó abà lọ́la. Ìyá Fẹ́hìntọlá, opó arúgbó, kò bá a jiyàn, ó ka orúkọ onílẹ̀ méje fún un, ó ní, "Ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ ò pe àwọn." Ọ̀gá dúró láàárín abà, ó ń pè. Kò sẹ́ni tó jáde. Ìgbà tó pe orúkọ ìkẹyìn, Akínlàjà, ohùn kan rọra dáhùn lẹ́yìn ilé pé, "Òo." Ìyá ní, "Ẹ ṣeun. Gbogbo wọn ti kú tipẹ́. Ẹ̀yin lẹ jí wọn, ẹ̀yin ni wọ́n á tẹ̀ lé lọ sílé." Àwọn ọlọ́pàá ti sá wọ ọkọ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń padà?" "Tí òru bá dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n máa ń mọ̀nà sàréè wọn. Bí nǹkan bá ké kọjá lórí òrùlé, wọ́n á ṣìnà, ọ̀dọ̀ ẹni tó pè wọ́n ni wọ́n á sì yà sí." Ọ̀gá fa ìwé ya, ó búra pé bàlúù kankan ò ní fò lóru mọ́, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ wọn ṣe lọ tán, Látúndé, aládùúgbò, jáde nínú ilé rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ gbọ́n o! 'Òo' tí ẹ ní kẹ́nìkan jẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà á jù." Ìyá Fẹ́hìntọlá wo ẹ̀yìn ilé. "Èmi ò rán ẹnì kankan. Mo ṣebí ìwọ ni."